Jẹnẹrétọ̀, páànù gbígbóná àti iná ìdáná: ibo la ti máa kọ́kọ́ dín èéfín ilé wa kù?

ỌmọMọ́níyà

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni mo kọ́ sí Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tá a ti kó wọ̀ ọ́. Ẹ̀yìn ilé ni jẹnẹrétọ̀ wa ń wà, kò sì jìnnà sí fèrèsé yàrá tí ọmọ wa kékeré ń sùn sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú aṣọ funfun kan, mo fi nu nẹ́ẹ̀tì fèrèsé náà. Ohun tó wá sára aṣọ yẹn dúdú bí ìdí ìkòkò orí ààrò. Mo wo aṣọ, mo wo ọmọ tó ń húkọ́, ara mi bù máṣọ. Mo jáde lọ pa jẹnẹrétọ̀, abẹ̀bẹ̀ la fi ń fẹ́ra wa títí ilẹ̀ fi mọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo jókòó ṣe ìṣírò. Bíi lítà 5 bẹ́ńtiróòlù là ń jó lójúmọ́. Lítà kan ṣoṣo, bó bá jó tán, á tú bíi kílò 2.3 èéfín kábọ́ọ̀nù sínú afẹ́fẹ́, ìyẹn èéfín tí ojú ò rí tó ń mú ayé gbóná. Bí mo ṣe ṣe é pọ̀ fún ọdún kan, ó lé ní tọ́ọ̀nù 4. Ilé kan péré nìyẹn o, kí n tó ka ilé tó wà lápá ọ̀tún àti èyí tó wà lápá òsì.

Ti owó ńkọ́? Látìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ. Mo ti kó owó díẹ̀ jọ nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Àwọn kan ní kí n lọ ra sólà. Àwọn kan ní ilé mi ló gbóná jù, kí n tún àjà ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

OnínáSólà_Ìlọrin

Bàbá ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn kúrò níbẹ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́la. Èéfín dúdú tẹ́ ẹ rí kọ́ ló burú jù. Èyí tí ń jẹ́ kábọ́ọ̀nù mónósáìdì ò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ojú oorun ló ti ń pa èèyàn. Ẹ gbé e jìnnà sí gbogbo fèrèsé, síbi tí atẹ́gùn ò ní gbé èéfín rẹ̀ padà sọ́dọ̀ yín.

Iṣẹ́ sólà ni mo fi ń jẹun, síbẹ̀ ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé ẹ má tíì rà á. Ẹ mú bébà àti báírò, ẹ máa ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, kẹ́ ẹ kọ gbogbo ohun tó ń jẹ iná sílẹ̀, iye wáàtì rẹ̀, àti iye wákàtí tẹ́ ẹ ń lò ó. Ẹ jẹ́ kí n fi ilé oníyàrá mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ. Fáànù mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 70, tó ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́wàá: yúnìtì 2.1 (yúnìtì kan ni wáàtì 1,000 fún wákàtí kan). Gílóòbù LED mẹ́wàá oníwáàtì 9, fún wákàtí mẹ́fà: kò pé yúnìtì kan. Tẹlifíṣọ̀n kò tó nǹkan. Fíríjì tó dáa, bíi yúnìtì kan sí ọ̀kan àtààbọ̀ lójúmọ́. Gbogbo rẹ̀ ò ju yúnìtì 4 sí 4.5 lọ. Pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rin oníwáàtì 400 á pèsè ìyẹn lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa, bátìrì lithium oníyúnìtì 5 á sì gbé yín mọ́jú.

Àmọ́ bó bá jẹ́ gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 ló ṣì wà nílé yín, mẹ́wàá rẹ̀ á jẹ wáàtì 600 níbi tí LED á ti jẹ 90. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá tún wà níbẹ̀, tó ń fa wáàtì tó lé ní 1,000 ní gbogbo òru, owó sólà á di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Mo ní oníbàárà kan tó ra pánẹ́ẹ̀lì mẹ́jọ nítorí yàrá kan tó gbóná. Nígbà tá a dé ibẹ̀, a rí i pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ń gba fèrèsé wọlé tààrà, kò sí ibòji kankan. Ohun tí aṣọ títa lé fèrèsé níta ì bá yanjú, pánẹ́ẹ̀lì ló fi rà á.

Ẹ tún yẹ rọ́bà ẹnu fíríjì wò. Ẹ fi owó bébà há ẹnu ìlẹ̀kùn, kẹ́ ẹ tì í, kẹ́ ẹ wá fà á. Bó bá yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ti kú nìyẹn, fíríjì ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán ṣiṣẹ́ òru lórí asán.

KáfíńtàÀgbà

Ọmọ mi, òrùlé ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni mo ti ń kan òrùlé. Lọ́la, nígbà tó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, gun àga, kó o gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àjà yàrá rẹ. Bó bá gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe, o ti mọ ohun tó ń bá ọ jà. Páànù ló ń gba oòrùn láti àárọ̀, ooru rẹ̀ á há sáàárín páànù àti àjà, kò ní ibi tó máa gbà jáde, orí yín ló máa ń rọ̀ sí lálẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìta fi máa ń tutù ní aago mẹ́wàá alẹ́ tí inú ilé ò sì ṣeé sùn. Fáànù wulẹ̀ ń yí ooru yẹn po ni.

Nǹkan mẹ́ta ni mo máa ń ṣe. Màá lu ojú ihò sí ògiri onígun mẹ́ta tó wà lábẹ́ òrùlé, lápá méjèèjì, kí atẹ́gùn lè gba ọ̀kan wọlé kó gba ìkejì jáde. Màá ta fóòmù tó ní ojú bíi fàdákà sábẹ́ páànù, ojú tó ń dán yẹn á kọjú sí àlàfo, kì í lẹ̀ mọ́ páànù, torí bó bá lẹ̀ mọ́ ọn agbára rẹ̀ ti dín kù nìyẹn. Ẹ̀kẹta, bí owó bá wà, màá kun páànù ní funfun. Páànù aláwọ̀ pupa àti dúdú tí gbogbo ayé ń rà báyìí rẹwà lójú títì, àmọ́ ó ń fa oòrùn mọ́ra ju funfun lọ fíìfíì.

Àwọn bàbá wa ò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ògiri amọ̀ tó nípọn, òrùlé koóko, etí òrùlé tó gùn débi pé oòrùn kì í kan ògiri, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí èèyàn lè jókòó sí. Etí òrùlé tiwa báyìí ò tó ẹsẹ̀ bàtà kan, torí a fẹ́ fi ògiri ìta han aráyé.

Ayálégbé_Agége

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí ni. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo ń gbé l'Ágége. Onílé wa ti sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gun orí òrùlé òun. Àjà kì í ṣe tèmi, ògiri kì í ṣe tèmi, àní iye ìgbà tí mo lè kan ìṣó mọ́ ọn wà nínú ìwé àdéhùn. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?

Ẹ̀wẹ̀, èéfín kábọ́ọ̀nù tí gbogbo Nàìjíríà ń tú jáde ò pé ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti àgbáyé. Àwọn tó ti ń jó èédú ilẹ̀ àti gáàsì látọjọ́ pípẹ́ lókè òkun ló ba ojú-ọjọ́ jẹ́. Àwa tá ò tíì rí iná wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ kó dín kù. Kò tọ́.

Adéọlá_Peckham

Ẹ̀gbọ́n l'Ágége, òótọ́ lẹ sọ, mi ò ní bá yín jiyàn lórí rẹ̀. Orílẹ̀-èdè Britain tí mo ń gbé yìí ló kọ́kọ́ fi èédú ilẹ̀ dá ilé iṣẹ́ ńláńlá sílẹ̀, títí dòní gáàsì ló ṣì ń mú ọ̀pọ̀ jù lọ ilé tó wà níbí gbóná. Àwọn ló jẹ gbèsè tó pọ̀ jù, ó sì yẹ kí wọ́n san án.

Kẹ́ ẹ lè mọ ohun tó ń lọ lọ́dọ̀ wa: ooru ni ilé tiyín ń gbà wọlé, tiwa ń jẹ́ kó jò lọ. Lọ́dún àkọ́kọ́ tá a dé ilé yìí, kóòtù ni mo fi ń se ọbẹ̀. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sí ìdí ìlẹ̀kùn, atẹ́gùn tútù ń gba ibẹ̀ wọlé bí omi. Mo gun òkè àjà, mo rí òwú tí wọ́n ti tẹ́ síbẹ̀ látọjọ́ pípẹ́ kí ooru má bàa jò jáde, kò ju mìlímítà 100 lọ, àwọn ibòmíràn tilẹ̀ ṣófo. Mìlímítà 270 ni wọ́n ń dámọ̀ràn níbí. Ọjọ́ kan ni wọ́n fi parí rẹ̀, òtútù òru ọjọ́ náà gan-an la ti mọ̀ pé nǹkan yí padà.

Ọdún kejì la tó yọ bọ́ílà gáàsì, tá a sì fi ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́ ìta wọlé rọ́pò rẹ̀. Ẹ kàn rò ó bíi fíríjì tí wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ sínú ilé. Yúnìtì iná kan tó bá jẹ, á gbé bíi yúnìtì mẹ́ta ooru wọlé, torí kì í dá ooru sílẹ̀, ó kàn ń kó o láti ibì kan lọ síbòmíràn ni. Ìjọba ń fi £7,500 ràn èèyàn lọ́wọ́ lórí rẹ̀ ní England àti Wales, láìsí ìyẹn a ò ní lè ṣe é. Mo gbà pẹ̀lú bàbá káfíńtà: ẹni tó bá ra ẹ̀rọ kó tó dí ilé rẹ̀, inú ajádìí ló ń pọnmi sí.

OnínáSólà_Ìlọrin

@Ayálégbé_Agége, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n padà wá. Ayálégbé náà ní nǹkan tó lè ṣe. Gílóòbù LED jẹ́ tiyín, ẹ lè tú u lọ bẹ́ ẹ bá ń kó jáde. Fáànù tuntun tó ń lo iná bátìrì tààrà ò ju wáàtì 30 lọ. Pánẹ́ẹ̀lì kan tẹ́ ẹ gbé ka bákónì tàbí ẹnu fèrèsé tí oòrùn ń ràn sí, pẹ̀lú bátìrì kékeré tó ṣeé gbé lọ́wọ́, á gbé fáànù kan, iná mẹ́ta àti fóònù yín mọ́jú. Kò sí ìṣó kankan nínú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ti lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-better-pass-my-neighbour, èyí tó ń jó epo àti ọ́ìlì pa pọ̀, tí èéfín rẹ̀ sì burú jù.

Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé iná ìjọba sàn ju jẹnẹrétọ̀ lọ fún afẹ́fẹ́. Gáàsì àti omi odò bíi ti Káínjì àti Jẹ́bà ló ń pèsè rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ní tirẹ̀, lítà epo kan ò fi bẹ́ẹ̀ ju yúnìtì méjì lọ, bí nǹkan tó ń gbé kò bá sì pọ̀, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Bí iná bá wà, ẹ lò ó.

AtúnfíríjìṢe

Mo rí i pé kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ gáàsì ẹ̀rọ amúlétutù àti fíríjì, èyí ló sì ń jẹ mí lọ́kàn jù, torí iṣẹ́ mi ni.

Ẹ fọkàn yàwòrán ohun tí mo rí lóṣù tó kọjá. Ọmọkùnrin kan gun àkàbà lọ síbi ẹ̀rọ tó wà lára ògiri, ó fi sípánà tú páìpù bàbà. Ó ń dún "ṣììì". Yìnyín funfun bò ẹnu páìpù náà, ìkúukùu kékeré jáde, ó fẹ́ lọ. Ó dúró títí tí ariwo náà fi dákẹ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn tẹ́lẹ̀.

Gáàsì tí wọ́n ń pè ní R22 ló wà nínú ẹ̀rọ amúlétutù yẹn. Kílò R22 kan tó bá bọ́ sínú afẹ́fẹ́ ń mú ayé gbóná tó kílò 1,800 èéfín kábọ́ọ̀nù. Mo fi ìṣírò ỌmọMọ́níyà wò ó: ó tó lítà bẹ́ńtiróòlù 780, ìyẹn epo tí ilé rẹ̀ ń jó fún oṣù márùn-ún, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan! Ó tún ń ba ozone tó wà lókè jẹ́, ìyẹn ààbò wa lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu, ìdí tí gbogbo ayé fi ṣàdéhùn ní Montreal lọ́dún 1987 láti fòpin sí irú rẹ̀. R410A tó rọ́pò rẹ̀ kì í ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n ní ti ooru, ó tún burú jù ú lọ díẹ̀, kílò rẹ̀ kan tó bíi kílò 2,088 èéfín kábọ́ọ̀nù. Ti gáàsì R32 jẹ́ 675. R290, gáàsì propane, ò ju bíi 3 lọ, àmọ́ ó máa ń gbiná, ẹni tó bá kọ́ ọ dáadáa ni kó fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ ràn wá lọ́wọ́. Gáàsì kì í tán bí epo mọ́tò. Bí wọ́n bá ní gáàsì yín ti lọ sílẹ̀, ibì kan ló ń jò. Ẹni tó bá kàn fi òmíràn kún un láìwá ojú ihò náà, ẹ ó tún pè é padà láìpẹ́, gbogbo ohun tẹ́ ẹ rà á sì ti wà lójú sánmà. Ẹ ní kó wá ojú ihò, kó dí i, kó sì fi ẹ̀rọ fa gáàsì tó kù sínú sílíńdà dípò kó tú u dànù. Ẹ fọ àsẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù yín lóṣooṣù, ẹ gbé e sí 24 tàbí 25, ẹ sì tan fáànù sí i.

ỌmọMọ́níyà

Oṣù márùn-ún! Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọ́ irú èyí rí. Ẹ ṣeun gan-an ni.

ÌyáAlásè_Bódìjà

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ti ilé ìdáná lèmi fẹ́ sọ. Ẹ̀wà ni mo ń sè tà, ọdún mọ́kànlá ni mo fi lo èédú. Láti Òkè-Ògùn ni wọ́n ti ń kó o wá fún wa. Lọ́jọ́ kan mo bá ọkọ̀ lọ síbẹ̀, mo fojú ara mi rí kùkùté igi tó ń so òrí, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, igi tó jẹ́ pé èso rẹ̀ làwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń jẹun. Ẹni tó ń sun ún sọ fún mi pé bíi kílò igi márùn-ún sí méje ló ń wọ ilẹ̀ kí kílò èédú kan tó jáde. Mo sunkún nínú ọkọ̀ bọ̀.

Àyà mi náà sì ti ń dùn mí nígbà yẹn. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé èéfín inú ilé pa èèyàn tó tó mílíọ̀nù 3.2 lọ́dún 2020. Obìnrin àti ọmọdé ló máa ń wà nídìí ààrò, ẹ mọ àwọn tó máa pọ̀ jù níbẹ̀.

Gáàsì ni mò ń lò báyìí, àmọ́ gáàsì náà ní èéfín tirẹ̀, torí náà mi ò fi ṣòfò. Mo máa ń rẹ ẹ̀wà sínú omi mọ́jú, ó ń dín àkókò tó fi ń jinná kù gan-an. Mo ra ìkòkò onífèéré. Bí ìkòkò bá ti hó, mo ń rẹ iná sílẹ̀, torí omi tó ń hó jẹ́jẹ́ gbóná bí èyí tó ń hó gùdùgùdù. Bí iná bá ń pọ́n dípò kó máa ṣe búlúù, ẹ yọ orí sítóòfù, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ya àwọn ojú ihò rẹ̀. Sílíńdà kílò 12.5 tó máa ń tán mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ mẹ́wàá ti ń lo ọ̀sẹ̀ méjì ó lé.

ỌmọÀjàṣẹ́

Mo kí yín láti Pọ́tónóvò, lórílẹ̀-èdè Benin. Epo Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní kpayo, tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí títì, làwa náà fi ń tan jẹnẹrétọ̀, nígbà tí owó epo yín fò sókè, tiwa bá a fò. Ohun tí mo fẹ́ fi kún ti ìyá wa ni pé ilé ẹ̀kọ́ oko Songhaï tó wà nílùú wa níbí ti ń fi ìgbẹ́ ẹran ṣe gáàsì ìdáná láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tó ní màlúù tàbí ẹlẹ́dẹ̀ lágbàlá lè gbẹ́ kòtò rẹ̀. Gáàsì tí ìgbẹ́ ì bá fi ba afẹ́fẹ́ jẹ́ á di iná, èyí tó kù á di ajílẹ̀.

AyàwòránIlé

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, sìmẹ́ńtì. Àpò kílò 50 kan, kó tó dé ọwọ́ bíríkìlà, ti tú bíi kílò 30 sí 45 èéfín kábọ́ọ̀nù sí afẹ́fẹ́. Wọ́n ń sun òkúta ẹfun nínú iná tó gbóná tó 1,450°C. Iná yẹn ń tú tirẹ̀, ṣùgbọ́n inú òkúta fúnra rẹ̀ ni èyí tó ju ìdajì lọ ti ń jáde, torí náà bí oòrùn ni wọ́n bá tilẹ̀ fi sun ún, ó ṣì máa jáde. ỌmọMọ́níyà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ tún ilé yín ṣe, ẹ má wó ohunkóhun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́lé, ẹ kọ ojú gígùn ilé sí àríwá àti gúúsù, kí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn má bàa rí fèrèsé ńlá gbá mú. Bẹ́ ẹ bá dé Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ wo ilé ìkàwé Kenneth Dike tí Maxwell Fry àti Jane Drew yàwòrán rẹ̀. Ògiri oníhò tó yí i ká ń ṣíji bo inú ilé, atẹ́gùn sì ń gbà á kọjá. Demas Nwoko, ayàwòrán ilé ọmọ Nàìjíríà, náà po yẹpẹ pupa mọ́ sìmẹ́ńtì díẹ̀, ó fi ṣe búlọ́ọ̀kù, ó sì ń kọ́lé tó tutù láìní ẹ̀rọ. Ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Dominican tó kọ́ wà n'Ìbàdàn yín níbẹ̀. Lọ́dún 2023 ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà (Golden Lion) níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ilé yíyà ní Venice fún iṣẹ́ gbogbo ayé rẹ̀. Láti ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti ní ìlànà ilé kíkọ́ tó ń ṣọ́ iná lò. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń buwọ́ lu pláànù yín.

ỌmọMọ́níyà

Ẹ̀yin ará, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, mo ní kí n jábọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ti wà ní ìkángun ọgbà, ọmọ ò húkọ́ mọ́. Mo pààrọ̀ gílóòbù méje àti rọ́bà fíríjì, owó bébà ò yọ mọ́. Káfíńtà ti lu ojú ihò sí òkè lápá méjèèjì, ó ta fóòmù fàdákà sí apá yàrá ìsùn, owó ò tíì dé ti pálọ̀. Ní aago mẹ́ta ọ̀sán àná, mo gbé ọwọ́ lé àjà yàrá, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Mo gbé e lé ti pálọ̀, mo yára yọ ọ́. Lítà 2 là ń jó báyìí. Sólà á di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Bàbá káfíńtà, ìbéèrè kan: àdán ti ń gba ojú ihò yẹn wọlé. Kí ni kí n fi dí i tí atẹ́gùn ò fi ní há?

KáfíńtàÀgbà

Nẹ́ẹ̀tì onírin ni, ọmọ mi, èyí tí ojú rẹ̀ ò lè gba ìka ọwọ́. Ojú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kéré jù, eruku á dí i pa. Ìrọ̀lẹ́ ni kó o kàn án, lẹ́yìn tí gbogbo wọn bá ti fò jáde, kó o má bàa há wọn mọ́nú.